Agbáwo tó fi ìbàdí fa ènìyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún

Ní ọjọ́ 10 oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2024, Carlos Del Toro, tó jẹ́ akọ̀wé ìjọba Amẹ́ríkà fún ọ̀rọ̀ ogun ojú omi nígbà náà, kéde pé ọkọ̀ ogun tuntun kan tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ DDG-142 yóò máa jẹ́ USS Charles J. French. Destroyer ni wọ́n ń pe irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ asáré tí ń dọdẹ ọkọ̀ abẹ́ omi tó sì ń ṣọ́ àwọn ọkọ̀ ńlá. Orúkọ ọ̀gágun ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń jẹ́. Agbáwo aláwọ̀ dúdú ni French. Òun ló ń gbé oúnjẹ síwájú àwọn ọ̀gá, òun ló ń bu kọfí fún wọn, tó sì ń palẹ̀ mọ́ lẹ́yìn wọn.

Inú mi dùn sí ìkéde náà, àmọ́ ohun kan kò jẹ́ kí n sinmi. Ọ̀gá tó wa ọkọ̀ tí French wà nínú rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tí òkìkí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ń jẹ́ Harry F. Bauer. Ó kú lálẹ́ ọjọ́ náà. Hugh W. Hadley, tó ń darí ẹgbẹ́ tí ọkọ̀ náà wà, kú pẹ̀lú. Kí ọdún 1944 tó parí, USS Harry F. Bauer ti wà lójú omi, USS Hugh W. Hadley náà sì ti wà. Ẹ ṣírò rẹ̀: láti 1944 sí 2024, ọgọ́rin ọdún gééré ló wà láàárín orúkọ ọ̀gá àti orúkọ agbáwo rẹ̀.

Àwọn kan á ní ẹ̀yà ló fà á, wọn kò sì parọ́. Èmi rò pé ọ̀nà tí wọ́n ń gbà pín àmì-ẹ̀yẹ ogun fúnra rẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ náà, àwa tí a kò ṣe iṣẹ́ ológun kì í sì í ronú sí i. Kí n tó débẹ̀, ó yẹ kí n sọ irú iṣẹ́ tí ọkùnrin yìí ń ṣe.

Lẹ́yìn ogun àgbáyé àkọ́kọ́, ilé-iṣẹ́ ogun ojú omi Amẹ́ríkà ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú. Láti 1919 títí di 1932 wọn kò gba ẹni dúdú tuntun. Àwọn ọmọ ilẹ̀ Philippines ni wọ́n ń gbà láti máa bójú tó oúnjẹ àwọn ọ̀gá. Nígbà tí wọ́n padà ṣílẹ̀kùn, ti ilé ìdáná àti yàrá ìjẹun àwọn ọ̀gá nìkan ni wọ́n ṣí. Mess attendant ni wọ́n ń pe àwọn tó bá gba ibẹ̀ wọlé. Ní 1943 wọ́n yí i padà sí steward's mate. Orúkọ yí padà, àwo kò yí padà.

Iṣẹ́ wọn bẹ̀rẹ̀ kí ọ̀gá tó jí. Wọ́n á tẹ́ tábìlì, wọ́n á nu ṣíbí, wọ́n á tẹ́ bẹ́ẹ̀dì ọ̀gá, wọ́n á dan bàtà rẹ̀, wọ́n á kó aṣọ rẹ̀ lọ fún fífọ̀. Bó ti wù kí agbáwo pẹ́ nínú iṣẹ́ tó, àwọn ọ̀gá kékeré tó wà ní ẹ̀ka mìíràn nínú ọkọ̀ náà jù ú lọ, wọ́n sì lè pàṣẹ fún un. Bí agogo ogun bá wá dún, òun náà á gbé àwo sílẹ̀, á sì lọ sí ojú ogun tirẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ nínú wọn, ìsàlẹ̀ ọkọ̀ pátápátá ni, níbi tí wọ́n kó ọta ìbọn sí, kí wọ́n máa gbé ọta ránṣẹ́ sókè fún àwọn tó ń yìnbọn. Nínú ọkọ̀ ogun, kò sí ibi tó jìnnà sí ìta tó ibẹ̀ bí ọkọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í rì. Ẹni tí a gbọ́ orúkọ rẹ̀ jù nínú wọn, Doris Miller, gòkè wá sí ìta ní Pearl Harbor, èbúté ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà tí àwọn Jàpáànù kọlù ní 1941, ó di ìbọn tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọ rí mú, òkìkí rẹ̀ sì kàn. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ lọ́jọ́ náà, ta ló rí wọn?

Bàbá tó bí bàbá mi ṣe sítúọ́ọ̀dù fún òyìnbó kan n'Íbàdàn kí Nàìjíríà tó gba òmìnira, bọ́ìsì-kọ́tà tó wà lẹ́yìn ilé òyìnbó náà ni wọ́n sì ti bí àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Ohun tí bàbá àgbà máa ń sọ tó sì máa ń pa á lẹ́rìn-ín ni pé òyìnbó àti àwọn àlejò rẹ̀ máa ń tú àṣírí ara wọn níwájú rẹ̀ bí ẹni pé kò sẹ́ni nínú yàrá. Ó mọ ẹni tó jẹ gbèsè. Ó mọ ẹni tí wọ́n fẹ́ lé kúrò lẹ́nu iṣẹ́ kí onítọ̀hún tó mọ̀. Nígbà tí ọ̀gá rẹ̀ ń padà sílé, ó kọ ìwé ẹ̀rí fún un, ìwé ọ̀hún ṣì wà lọ́wọ́ wa. Gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ kò ju pé ó mọ́ tónítóní, kì í mutí, kì í jalè. Bẹ́ẹ̀, ọkùnrin yìí kan náà ló tọ́jú ọmọ òyìnbó ọ̀hún nígbà tí ibà fẹ́ pa á. Mo rántí ìwé yẹn nígbà tí mo ka lẹ́tà tí wọ́n kọ fún French.

Foreman, ní ìpínlẹ̀ Arkansas, ni wọ́n bí French sí ní 1919. Ó wọṣẹ́ ogun ojú omi ní 1937, ó ṣe agbáwo nínú ọkọ̀ ńlá kan tó ń jẹ́ USS Houston, ó parí àkókò rẹ̀, ó sì padà sọ́dọ̀ àwọn ẹbí rẹ̀ ní Omaha. Àwọn ará Jàpáànù ju bọ́ǹbù sí Pearl Harbor. Kò pẹ́ ọjọ́ rárá tí French tún fi forúkọ sílẹ̀. Ní oṣù Ẹ̀rẹ́nà 1942, Houston tó fi sílẹ̀ rì pẹ̀lú ọ̀pọ̀ àwọn tó wà nínú rẹ̀. Oṣù yẹn kan náà ni French wọ ọkọ̀ mìíràn, USS Gregory.

Ọkọ̀ àtijọ́ ni Gregory. Ọdún 1918 ni wọ́n ti gbé e sójú omi, gígùn rẹ̀ kò ju ẹsẹ̀ bàtà 314 lọ. Nígbà tí ogun tuntun ń bọ̀, wọ́n yọ ìdajì àwọn ìkòkò iná ẹ̀rọ rẹ̀, wọ́n yọ àwọn ohun tí wọ́n fi ń ta tọ́pídò, kí àyè lè wà fún àwọn ọmọ ogun Marine tí yóò máa gbé lọ sí etíkun. Eré rẹ̀ dín kù, ìbọn rẹ̀ náà kò tó nǹkan mọ́.

Ní ọjọ́ 4 oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀ 1942, Gregory àti ìkejì rẹ̀, Little, gbé àwọn Marine lọ sí erékùṣù Savo, nítòsí Guadalcanal, láàárín àwọn erékùṣù Solomon nínú òkun Pàsífíìkì. Òru ọjọ́ náà ṣókùnkùn, kùrukùru bolẹ̀, wọn kò sì lè rí ọ̀nà wọ èbúté Tulagi dáadáa. Wọ́n pinnu láti máa rìn lọ rìn bọ̀ lójú omi títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Nígbà tó kù díẹ̀ kí agogo kan òru lù, wọ́n rí iná ìbọn lókèèrè. Ọkọ̀ destroyer Jàpáànù mẹ́ta ni, wọ́n ń yìnbọn sí àwọn ará Amẹ́ríkà tó wà ní Guadalcanal, wọn kò tilẹ̀ mọ̀ pé ọkọ̀ kankan wà nítòsí. Awakọ̀ òfuurufú Amẹ́ríkà kan tó wà lókè náà rí iná ọ̀hún. Ó ṣebí ọkọ̀ abẹ́ omi ló ń yìnbọn, ó bá ju iná àtànmọ́lẹ̀ márùn-ún sílẹ̀ kó lè rí i. Orí Gregory àti Little ni ìmọ́lẹ̀ náà tàn sí. Àwọn Jàpáànù kàn yí ìbọn padà ni.

Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta tí ìbọn bẹ̀rẹ̀, Gregory kò lè jà mọ́. Wọ́n gbé Bauer tó ti fara gbọgbẹ́ sínú omi, ó gbọ́ ẹnì kan tó ń ké, ó sì ní kí àwọn méjì tó ń ràn án lọ́wọ́ fi òun sílẹ̀ kí wọ́n lọ gba onítọ̀hún là. Wọn kò rí i mọ́. Ọkùnrin ni Bauer, mo gbà. Ọkọ̀ tí wọ́n fi sọrí rẹ̀ tọ́ sí i. Àwọn Jàpáànù kò sì dáwọ́ dúró nígbà tí ọkọ̀ rì, wọ́n tún ń yìnbọn sí àwọn tó wà nínú omi.

Nínú òkùnkùn yẹn ni French ti ń lúwẹ̀ẹ́ kiri, tó ń kó àwọn tó fara gbọgbẹ́ jọ sórí ohun pẹlẹbẹ aléfòó tí wọ́n ń pè ní raft. Wọ́n tó mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ọ̀dọ́ ọ̀gá kan tó ń jẹ́ Robert Adrian wà lára wọn, ọta ti bà á lẹ́sẹ̀, èérún irin sì ti wọ̀ ọ́ lójú. Adrian ló sọ ìyókù ìtàn náà. Omi ń gbé raft lọ sí etíkun tí àwọn Jàpáànù wà. French bọ́ aṣọ, ó ní kí wọ́n bá òun so okùn mọ́ òun ní ìbàdí, ó bọ́ sómi, ó sì ń lúwẹ̀ẹ́ lọ sójú agbami, ó ń fà wọ́n tẹ̀ lé ara rẹ̀. Adrian kìlọ̀ fún un pé ẹja àkurákudà wà níbẹ̀. French fún un lésì pé ẹ̀rù àwọn Jàpáànù ba òun ju ti ẹja lọ. Ohun tó kàn ń béèrè ni kí wọ́n máa sọ fún òun bóyá ọ̀nà tó tọ́ ni òun ń gbà. Ó ń fà wọ́n títí ilẹ̀ fi mọ́, tí ọkọ̀ òfuurufú rí wọn, tí wọ́n fi rán ọkọ̀ wá kó wọn. Wákàtí mẹ́fà sí mẹ́jọ ni wọ́n kà á sí. Kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún.

Wọ́n tún sọ ọ́ pé nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀, ẹnì kan fẹ́ ya French sọ́tọ̀, kí ó lọ síbi tí wọ́n ń kó àwọn aláwọ̀ dúdú sí. Àwọn òyìnbó tó fà là kọ̀ jálẹ̀. Gbogbo wọn ni epo rọ̀bì ti pa lára dúdú, wọ́n dúró yí i ká, wọ́n ní ará ọkọ̀ àwọn ni, ibi tí àwọn bá wà ni yóò wà.

Kí wá ni French gbà? Lẹ́tà. Ní oṣù Ẹ̀bìbí 1943, ọ̀gágun William Halsey buwọ́ lu lẹ́tà ìyìn fún un. Lẹ́tà náà gbà pé ó so okùn mọ́ra, ó gbà pé àwọn Jàpáànù ń mọ̀ọ́mọ̀ yìnbọn sí wọn. Nígbà tó kan iye àkókò, ó ní ó lúwẹ̀ẹ́ fún ohun tó ju wákàtí méjì lọ láìsinmi, ó sì pe gbogbo rẹ̀ ní ìgbìyànjú láti fa raft. Ìgbìyànjú! Wọ́n ní ó gbìyànjú, àwọn tó fà sì wà láàyè, wọ́n ń jẹun.

Ní ọjọ́ 7 oṣù Ògún 1942, ọjọ́ kan náà tí àwọn Marine gúnlẹ̀ sí Guadalcanal, òfin dá àmì-ẹ̀yẹ kan sílẹ̀, Navy and Marine Corps Medal, fún ọmọ ogun ojú omi tó bá ṣe akin láìjẹ́ pé ó ń bá ọ̀tá jà, pàápàá ẹni tó bá fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wewu láti gba ẹlòmíràn là. Ó ti wà fún nǹkan bí oṣù kan kí Gregory tó rì. Ní oṣù Ògún ọdún tó tẹ̀ lé e, nínú agbami Solomon kan náà, destroyer Jàpáànù kan la ọkọ̀ kékeré PT-109 sí méjì. Ọ̀dọ́ ọ̀gá tó ń darí rẹ̀ fi eyín di okùn aṣọ aléfòó ọkùnrin kan tí iná ti jó mú, ó sì fà á fún nǹkan bí wákàtí mẹ́rin dé erékùṣù kan. Wọ́n fún un ní Navy and Marine Corps Medal ní 1944. Orúkọ rẹ̀ ni John F. Kennedy, gbogbo ayé ló sì mọ ìtàn náà nígbà tó ń du ipò ààrẹ. N kò bú Kennedy, ohun tó ṣe kì í ṣe kékeré. Ẹnì kan ló fà. French fa mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Ibí ni ọ̀rọ̀ àmì-ẹ̀yẹ ti wọlé. Ọ̀nà méjì pàtàkì ni wọ́n ń gbà fún ọmọ ogun ní nǹkan fi sáyà. Ọ̀kan jẹ́ ti akin: ẹnì kan gbọ́dọ̀ rí ọ, ó gbọ́dọ̀ kọ̀wé nípa rẹ, ọ̀gá rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbà á, ọ̀gá tó ga ju ìyẹn lọ gbọ́dọ̀ pinnu ìwọ̀n tó tọ́ sí ọ. Gbogbo àwọn tó ń kọ̀wé, tó sì ń pinnu yìí, àwọn tí agbáwo ń gbé oúnjẹ fún ni. Èkejì jẹ́ ti ojú ogun, èyí tó tọ́ sí gbogbo ẹni tó bá ti wà níbẹ̀. Ọjọ́ 6 oṣù Bélú 1942 ni Ààrẹ Roosevelt fọwọ́ sí àṣẹ tó dá mẹ́ta irú rẹ̀ sílẹ̀: ọ̀kan fún Éṣíà àti Pàsífíìkì, ọ̀kan fún Yúróòpù, Áfíríkà àti Ìlà-Oòrùn Àárín, ọ̀kan fún agbègbè Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀. Wọn kò tíì rọ irin rẹ̀ lásìkò náà. Ríbọ́nù ni wọ́n ń gán máyà títí ogun fi parí.

Ẹni tó bá mọ ríbọ́nù kà lè rí gbogbo ìrìn àjò ènìyàn láyà rẹ̀. Ti Pàsífíìkì jẹ́ àwọ̀ ìyeyè, funfun àti pupa Jàpáànù wà létí rẹ̀, àwọ̀ mẹ́ta Amẹ́ríkà wà láàárín. Ti Yúróòpù ní àwọ̀ erùpẹ̀ àti ti ewéko, dúdú àti funfun Jámánì wà lápá kan, àwọ̀ Ítálì wà lápá kejì. Lẹ́yìn Gregory, French ṣiṣẹ́ nínú destroyer méjì mìíràn, Endicott àti Frankford, tí wọ́n jà ní Yúróòpù. Nítorí náà ríbọ́nù méjèèjì tọ́ sí i. Ìràwọ̀ idẹ kékeré tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ọn fún ogun kọ̀ọ̀kan, ọkọ̀ ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀: bí ọkọ̀ bá jà níbẹ̀, ìràwọ̀ di ti ọ̀gá ọkọ̀ àti ti agbáwo rẹ̀ lọ́gbọọgba. Ibi tí o wà nìkan ni wọ́n ń béèrè, wọn kì í béèrè ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ.

Mo ti gbọ́ táwọn èèyàn ń fojú kéré irú àmì-ẹ̀yẹ bẹ́ẹ̀, wọ́n ní ẹni tó kàn wà níbẹ̀ ni wọ́n ń fún. Bí mo bá jẹ́ agbáwo ní 1942, òun ni ǹ bá gbẹ́kẹ̀ lé.

Ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì le díẹ̀ sí i. Ọmọ ogun ojú omi wọn gbọ́dọ̀ lo ọgọ́sàn-án ọjọ́ lójú omi ogun kó tó gba 1939–45 Star. Lẹ́yìn ìyẹn ni yóò tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọgọ́sàn-án mìíràn fún Atlantic Star. Àwọn tó sin ọkọ̀ ẹrù gba inú òtútù Arctic lọ sí Rọ́ṣíà kò ní ìràwọ̀ tiwọn àfi ní 2013, nígbà tí ọ̀pọ̀ wọn ti kú. Àwọn bàbá wa tó jagun ní Boma nígbà ogun Hitler mọ ẹbí ìràwọ̀ wọ̀nyí, nítorí Burma Star jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, ríbọ́nù rẹ̀ ní àwọ̀ pupa láàárín àwọ̀ búlúù àti ọsàn. Èyí tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì pín fún àwọn ọmọ ogun tirẹ̀ kò ní orúkọ ẹnikẹ́ni lára, ti Amẹ́ríkà náà kò ní. Bí ìdílé bá sọ ìtàn nù, irin lásán ló kù.

Ẹnì kan wà lọ́dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí n kò lè ṣàì fi wé French. Tommy Brown, ọmọ North Shields, ń tajà nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré inú destroyer HMS Petard, ó ń ta sìgá àti ohun ìpanu. Kì í tilẹ̀ ṣe ọmọ ogun. Ó ti purọ́ ọjọ́ orí rẹ̀ kó tó rí iṣẹ́ náà. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni. Ní ọjọ́ 30 oṣù Ọ̀wàrà 1942, wọ́n fi agbára mú ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì U-559 jáde sórí omi ní òkun Mẹditaréníà. Anthony Fasson àti Colin Grazier, ọmọ ogun Petard méjì, wọ inú rẹ̀ lọ bó ti ń rì, wọ́n ń kó ìwé àṣírí jáde, Tommy ń gbà á lọ́wọ́ wọn lórí àkàbà. Ọkọ̀ rì pẹ̀lú àwọn méjèèjì. Tommy fò jáde. Àwọn ìwé yẹn ló jẹ́ kí àwọn tó wà ní Bletchley Park, níbi tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń tú ọ̀rọ̀ àṣírí ọ̀tá, tún lè ka ọ̀rọ̀ àṣírí àwọn ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì ní oṣù Ọ̀pẹ ọdún náà. Fasson àti Grazier gba George Cross lẹ́yìn ikú wọn, Tommy gba George Medal. Àmì-ẹ̀yẹ náà ló tú àṣírí ọjọ́ orí rẹ̀, wọ́n sì ní kó kúrò lójú omi. Ní 1945 ó kú nínú iná nílé wọn, níbi tó ti fẹ́ yọ àbúrò rẹ̀ obìnrin jáde. Ọba fúnra rẹ̀ ló gbé George Medal lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́.

Iṣẹ́ Tommy kò ga ju ti French lọ, síbẹ̀ wọ́n rí i, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe rí. Torí náà n kò lè sọ pé iṣẹ́ àwo nìkan ló fa ti French. Àmọ́ ọ̀rọ̀ àwọ̀ náà kò lọ tààrà. Leonard Harmon, agbáwo dúdú nínú USS San Francisco, fi ara rẹ̀ bo ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan ní oṣù Bélú 1942, nínú omi Guadalcanal yẹn kan náà, ó sì kú. Wọ́n fún un ní Navy Cross, ọ̀kan nínú àwọn àmì-ẹ̀yẹ akin tó ga jù, ní 1943 wọ́n sì gbé ọkọ̀ ogun USS Harmon sójú omi. Ilé-iṣẹ́ kan náà ni, ọdún kan náà tí Halsey buwọ́ lu lẹ́tà French. Mo ti ro ọ̀rọ̀ yìí síwá sẹ́yìn. Èrò tèmi ni pé òkú rọrùn láti yìn. Harmon kò ní padà wá síbi iṣẹ́ pẹ̀lú Navy Cross láyà kó máa bu kọfí fún ọ̀dọ́ ọ̀gá tí kò ní nǹkan kan láyà. French á padà wá. Ti Miller, tó wà láàyè nígbà tí wọ́n fún un ní tirẹ̀, àwọn ìwé ìròyìn aláwọ̀ dúdú ló pariwo títí kí wọ́n tó gbà.

French kú ní oṣù Bélú 1956, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógójì, wọ́n sì sin ín sí itẹ́ àwọn ológun ní San Diego. Ní oṣù Ẹ̀bìbí 2022 ni wọ́n tó fún un ní Navy and Marine Corps Medal, wọ́n sì sọ odò ìwẹ̀ tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn adóòlà ẹ̀mí lójú omi ní San Diego ní orúkọ rẹ̀. Ilé ìfìwéránṣẹ́ kan ní Omaha náà ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ báyìí. Gbogbo rẹ̀ dúró lórí ohun tí Adrian sọ fún ayé lórí rédíò. Ká ní èérún irin tó wọ Adrian lójú pa á ni, lẹ́tà wákàtí méjì yẹn nìkan là bá ní.

DDG-142 yóò gùn ju Gregory lọ ní nǹkan bí igba ẹsẹ̀ bàtà. Wọn kò pe ẹnikẹ́ni ní steward níbẹ̀ mọ́, culinary specialist ni orúkọ tuntun, gbogbo ẹ̀yà ló sì ń ṣe é. Ibikíbi tí ọkọ̀ náà bá ti lọ jagun, àwọn tó ń dáná nínú rẹ̀ yóò gba ríbọ́nù kan náà pẹ̀lú ọ̀gá ọkọ̀. Ti lẹ́tà ìyìn ni kò tíì dá mi lójú.